Ẹni Tí Wọ́n Ní Mo Gbàgbé Sórí Òkè

Bísọ́lá Àdìgún ni orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí lẹ́nu iṣẹ́. Mo kọ orúkọ náà ní kíkún kí ẹnikẹ́ni má baà béèrè pé ta ni mo ń bá wí. Nígbà tí mo sọ pé mo fẹ́ kọ ìtàn iṣẹ́ ayé mi fún ẹ̀yin ọmọ ìjọ wa tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe, àwọn kan wá bá mi nílé. Wọ́n ní kí n fi orúkọ bò, pé obìnrin náà ti darúgbó. Mo bi wọ́n bóyá èmi ń padà di ọmọdé ni. Wọ́n ní kí n ṣáà kọ nípa ibi tó dára nínú iṣẹ́ náà. Màá kọ ọ́. Màá sì kọ ìyókù pẹ̀lú. Ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti ń sọ ọ́ káàkiri ìlú Atlanta yìí pé mo gbàgbé bàbá arúgbó kan sórí òkè ní Japan. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń fẹ́ kí n tó kú ni pé kí wọ́n yọ orúkọ mi kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà.

Iṣẹ́ amọ̀nà ni mo ṣe. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n gbáko ni mo fi ń kó àwọn èèyàn láti Atlanta lọ sí Japan, tí mo sì ń kó wọn padà. Ohun tí wọ́n fi mọ̀ mí jù ni ìrìn-àjò ọjọ́ kan, àárọ̀ lọ, ìrọ̀lẹ́ bọ̀, sí ojúbọ kan tó wà lórí òkè, níbi tí ọ̀nà ọkọ̀ ti parí, tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ lẹ máa fi gun ìyókù. Kò sí nínú àwọn fọ́tò tí gbogbo ayé ń yà. Igi ibẹ̀ ga débi pé ọ̀sán wọn dà bí ìrọ̀lẹ́ tiwa. Ewé tútù wẹ́wẹ́ bo òkúta bí ẹni tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Àwọn ará abúlé tó wà nísàlẹ̀ òkè náà máa ń so agogo kékeré mọ́ ìbàdí kí béárì, ẹranko ńlá onírun inú igbó wọn, lè gbọ́ ìró wọn kó sì yà fún wọn. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n sinmi díẹ̀. Irọ́ ni. Ẹnu ló yà mí.

Mo ti gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. "Màmá, pẹ̀lú gbogbo ìwé tí ẹ kà, amọ̀nà ni ẹ ṣe?" Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àbúrò ọkọ mi ṣe wí nígbà náà. Àwọn èèyàn wa ní ìlú yìí, iṣẹ́ mẹ́ta péré ni wọ́n mọ̀: nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì, àti nọ́ọ̀sì. Mo ti fi ọdún mẹ́fà kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní jọ́gíráfì n'Íbàdàn kí n tó wá bá ọkọ mi níbí. Nígbà tí mo dé, ilé ìkẹ́rùsí kan ní Douglasville ni mo ti ń lẹ bébà mọ́ páálí. Mo máa ń ka orúkọ ìlú tó wà lára páálí kọ̀ọ̀kan. Mo mọ ibi tí gbogbo wọn wà nínú máàpù, n kò sì tíì dé ìkankan nínú wọn. Nígbà tí Àǹtí Bísọ́lá, tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ní òun ń wá ẹni tó mọ máàpù, mo lọ. Owó tó ń san kò pọ̀, kò sì burú. Ìyẹn parí.

Màá sọ òótọ́ nípa rẹ̀, nítorí èmi kì í purọ́ mọ́ ẹni tó purọ́ mọ́ mi. Kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà jù ú lọ. Ó ti ṣe akọ̀wé rí ní ọ́fíìsì àwọn ará Japan kan nílùú yìí, ibẹ̀ ló ti gbọ́ èdè wọn, kó tó ṣí ọ́fíìsì tirẹ̀, yàrá méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń tún èékánná ṣe. Oṣù mẹ́jọ ló fi kọ́ mi kó tó jẹ́ kí n wọ ọkọ̀ òfurufú. Kásẹ́ẹ̀tì èdè Japan ni mo ń gbọ́ nínú mọ́tò ní àlọ àti àbọ̀. Tí mo bá dé ọ́fíìsì, kò ní dá mi lóhùn títí màá fi kí i ní èdè náà, tí màá sì tẹríba dé ibi tó yẹ.

"Ìbàdí ni kó tẹ̀, kì í ṣe ọrùn," ló máa ń wí. "Ṣé adìyẹ ni ẹ́ ni?"

Ní ọjọ́ Sátidé, á gbé mi lọ sí òkè olókùúta tó wà ní ìlà oòrùn ìlú wa yìí, á ní kí n máa fi ẹ̀yìn gùn ún. Amọ̀nà kò gbọdọ̀ kọ ẹ̀yìn sí àwọn èèyàn rẹ̀ ju ìṣísẹ̀ mélòó kan lọ. Mo máa ń gbé agbòjò pupa sókè, mo máa ń fi ẹ̀yìn rìn, mo máa ń sọ̀rọ̀ ketekete bí ẹni pé àlejò ogójì ló ń tẹ̀lé mi, nígbà tó jẹ́ pé Àǹtí Bísọ́lá nìkan ló wà níwájú mi tó ń jẹ ẹ̀pà. Àwọn òyìnbó tó wá ṣe eré ìdárayá á dúró, wọ́n á máa wò mí.

"Kí ni ò ń wo ojú mi sí?" á kígbe. "Ẹsẹ̀ wọn ni kó o máa wò! Bàbá á ní kò rẹ òun, bẹ́ẹ̀ bàtà rẹ̀ ti ń wọ́ nílẹ̀."

N kò gbọdọ̀ jókòó tí àlejò kan bá wà lórí ìdúró. N kò gbọdọ̀ mu omi ṣáájú wọn. Tí mo bá ṣi orúkọ ẹnì kan pè, màá kọ orúkọ náà nígbà ọgọ́rùn-ún. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mí nígbà náà, mo ti bímọ méjì, mo sì ń kọ ìyà sínú ìwé bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó dára jù tó kọ́ mi ni bí a ṣe ń ka èèyàn. Ẹ̀yin náà mọ àwọn àgbà wa. Tí o bá nàka sí wọn pé ení, èjì, ẹ̀ta, wàhálà dé. "Ṣé ewúrẹ́ ni wá?" Àǹtí Bísọ́lá kì í nàka. Kíkí ló fi ń kà. Á dúró sẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì, bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì á wà nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀ lápá ọ̀tún, iye wọn á bá iye èèyàn mu. "Ẹ kú ẹsẹ̀, Màmá Ṣadé." Bọ́tìnnì kan á kúrò ní àpò ọ̀tún bọ́ sí ti òsì. "Ẹ kú ìrìn, Bàbá Ìlọrin." Òmíràn á tún bọ́ síbẹ̀. Tí àpò ọ̀tún bá ṣófo, ọkọ̀ lè lọ. Inú àwọn àgbà a máa dùn pé wọ́n kí àwọn, wọn kò mọ̀ pé wọ́n ti kà wọ́n. Ọjọ́ tó fún mi ní àpò bọ́tìnnì tèmi, mo lọ sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo sunkún ayọ̀. Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀, kí ẹ má sọ pé ìkórìíra ló di mí lójú.

Ibì kan ṣoṣo la ti ń ṣe awuyewuye. Ó ní n kò gbọdọ̀ pe ibi orí òkè náà ní ojúbọ létí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ibi ìtàn ni kó o pè é."

"Ojúbọ ni, mà. Ibi tí wọ́n ti ń bọ nǹkan ni."

"Ìwọ ṣáà fẹ́ kí n ti ọ́fíìsì mi pa. Ibi ìtàn ni mo ní kó o wí."

Ibi ìtàn la sì ń pè é títí di ọdún kẹsàn-án mi lẹ́nu iṣẹ́, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn àgbà ìjọ kan ní kí a mú àwọn lọ.

Àsìkò tí ewé ń pọ́n ni. Bọ́ọ̀sì kékeré méjì la lò, nítorí ọ̀nà òkè náà tóóró. Orúnkún ti ń yọ Àǹtí Bísọ́lá lẹ́nu, ó ní òun máa dúró ti bọ́ọ̀sì nísàlẹ̀. Ó mú rédíò kan lọ́wọ́, èmi mú ìkejì, irú èyí tí àwọn ọlọ́pàá fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Fóònù alágbèéká kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà náà. Èmi ni mo kó àwọn àgbà náà gun òkè.

Lára wọn ni Bàbá Fákúnlé àti ìyàwó rẹ̀ wà. Bàbá ti ṣe tíṣà kẹ́místrì, ó ti fẹ̀yìn tì, díákónì ni. Màmá Fákúnlé gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń rìn yára ju ọkọ rẹ̀ lọ débi tí Bàbá fi máa ń pè é ní mọ́tò. A dé ẹnubodè àkọ́kọ́. Òpó igi pupa méjì ni, pẹ̀lú igi méjì tí wọ́n gbé dábùú wọn lókè. Kò ní ilẹ̀kùn. Àwọn ará Japan kan tó wà níwájú wa tẹríba kí wọ́n tó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Bàbá Fákúnlé dúró. "Fúnkẹ́, kí ni wọ́n ń tẹríba fún?"

Mo wo ojú rẹ̀. N kò lè sọ fún tíṣà pé ìtàn ni wọ́n ń tẹríba fún. "Ojúbọ ni ibí yìí, sà."

"Ojúbọ! Ìwé tí ẹ fún wa ńkọ́? Ibi ìtàn ló wà nínú rẹ̀!"

"Mo mọ̀, sà."

"Ẹsẹ̀ mi kò ní gba abẹ́ nǹkan yìí."

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Táyọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ́ Fákúnlé!"

"Bí Ifá bá kún ilé bàbá mi, kò kún tèmi," ni Bàbá wí. Ló bá yà sápá ọ̀tún, ó gba inú ewé kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó náà, ó sì tún yọ sí wa lórí àtẹ̀gùn lókè. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹnubodè mẹ́ta ló wà lójú ọ̀nà náà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yà fún. Mo tẹ̀ lé e ní ìgbà kọ̀ọ̀kan títí mo fi rí i pé ó ti padà sójú ọ̀nà.

Nígbà tí a dé òkè, mo fi bí wọ́n ṣe ń ṣe hàn wọ́n: ẹ fọ ọwọ́ òsì, ẹ fọ ọ̀tún, ẹ fi omi yọ ẹnu; ẹ tẹríba lẹ́ẹ̀mejì, ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ tún tẹríba lẹ́ẹ̀kan. Mo ní ẹni tí kò bá fẹ́ kó má ṣe é, ìran ni kó wò. Bàbá Fákúnlé ká apá, ó kọjú sí igi.

Kùrukùru ló lé wa kúrò níbẹ̀. Ó wá lójijì bí ó ṣe máa ń wá lórí òkè, funfun báláú. Mo ní kí a máa sọ̀kalẹ̀. Màmá méjì tí ẹsẹ̀ ń dùn wà pẹ̀lú mi lẹ́yìn pátápátá, ibẹ̀ sì ni amọ̀nà gbọ́dọ̀ wà tí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀. Àwọn tó kù ti lọ níwájú, tọkọtaya Fákúnlé wà láàárín wọn. N kò rí Bàbá nígbà tó dé ẹnubodè kejì. Mo gbé rédíò.

"Àǹtí, ṣé Bàbá àti Màmá Fákúnlé ti dé ọ̀dọ̀ yín?"

"Wọ́n ti dé. Wọ́n ti wọ bọ́ọ̀sì."

Mo dúró. Mo gbọ́ Yorùbá. "Wọ́n" tí a fi ń pe èèyàn mẹ́wàá náà la fi ń pe àgbà kan ṣoṣo. Mo tẹ rédíò náà lẹ́ẹ̀kejì. "Àwọn méjèèjì, mà?"

"Àwọn méjèèjì ni! Ṣé kí n gbé wọn gun òkè wá kó o fọwọ́ kàn wọ́n ni? Sọ̀kalẹ̀ jàre, dírẹ́bà ti ń pariwo."

Rédíò náà ń hó, mo ti gbé e mọ́ etí pẹ́kípẹ́kí. Àwọn màmá méjì tó wà lọ́dọ̀ mi gbọ́ ìbéèrè mi. Wọn kò gbọ́ ìdáhùn. Mo mú bọ́tìnnì méjì, mo jù wọ́n sí àpò òsì láìkí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi nìyẹn, mo jẹ́wọ́ rẹ̀, kò sí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀, bọ́ọ̀sì kìíní ti gbé Àǹtí Bísọ́lá àti àwọn tó ti dárúkọ fún mi lórí rédíò lọ. Mo kí àwọn tó wọ bọ́ọ̀sì tiwa, àpò ọ̀tún mi ṣófo, mo ní kí Ọ̀gbẹ́ni Sàtò, dírẹ́bà wa, máa lọ. A wakọ̀ bí wákàtí kan dé ilé oúnjẹ tó wà létí odò. Màmá Fákúnlé jáde wá pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà.

"Fúnkẹ́, ẹ jí Bàbá yín kí wọ́n wá jẹun. Ṣé inú bọ́ọ̀sì tiyín ni wọ́n ti ń sùn?"

Ó rò pé ọkọ òun bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì wa. Mo gbójú sókè, mo rí Àǹtí Bísọ́lá tó ń mu tíì lójú fèrèsé. Ó rí ojú mi. Ó gbé kọ́ọ̀bù rẹ̀ sílẹ̀. Mo mọ̀ ní ìṣẹ́jú náà pé ó ti mọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Sàtò fi tẹlifóònù ilé oúnjẹ náà pe àwọn ará abúlé, a sì sáré padà. Àgbẹ̀ bíi mẹ́jọ ti ń dúró dè wá, agogo wà ní ìbàdí wọn. Wọ́n fẹ́ wá a lójú àtẹ̀gùn. Mo ní rárá, ẹ tẹ̀ lé mi. Èmi nìkan ló mọ̀ pé bàbá náà kò ní gba abẹ́ ẹnubodè kọjá láéláé, ìbáà jẹ́ nínú kùrukùru. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnubodè kejì. Ọ̀nà ẹsẹ̀ náà pín sí méjì lẹ́yìn òpó: ọ̀kan padà sórí àtẹ̀gùn, èkejì lọ sí odò. A gba ti odò. A ń pe orúkọ rẹ̀, a kò gbọ́ ohùn. Ohun tí a gbọ́ ni àtẹ́wọ́. Méjì, á dákẹ́. Méjì, á tún dákẹ́. Àwọn àgbẹ̀ náà wo ara wọn lójú.

Ó wà nísàlẹ̀ igi kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan tẹ̀ sí ibi tí kò yẹ. Ohùn rẹ̀ ti há.

"Ta nìyẹn?"

"Fúnkẹ́ ni, sà."

"O pẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má bínú."

"Ẹsẹ̀ mi ti kán. Sọ fún àwọn èèyàn yìí kí wọ́n má gbé mi gba abẹ́ nǹkan yẹn o."

Mo sọ ọ́ fún wọn ní èdè wọn. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn tẹríba fún Bàbá láti ìbàdí, dáadáa, bí Àǹtí Bísọ́lá ṣe ń fẹ́ kí n ṣe é. Wọ́n sì fi igi àti aṣọ gbé e gba ẹ̀gbẹ́ ẹnubodè kọjá, nínú ẹrẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú tán. Bàbá yè. Ọ̀pá ló fi ń rìn títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Nígbà tí a padà dé Atlanta, àwọn àgbà ìjọ náà pè wá jókòó nínú gbọ̀ngàn wọn. Mo sọ ohun tí mo ti kọ sókè yìí. Àwọn màmá méjì ní òótọ́ ni, mo béèrè. Wọ́n ní àwọn kò gbọ́ ohun tí wọ́n fi dá mi lóhùn. Gbogbo ojú yí sí Àǹtí Bísọ́lá. Ó rọra tún gèlè rẹ̀ ṣe.

"Màmá Fákúnlé ni mo rí, Màmá Fákúnlé ni mo sì wí. Mo ní wọ́n ti wọ bọ́ọ̀sì. Ṣé ẹ fẹ́ kí n sọ nípa ìyá àgbà pé 'ó ti wọ bọ́ọ̀sì' ni? Wọ́n tọ́ mi dáadáa nílé."

Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Wọ́n mi orí.

"Mo tún bi yín, mà," ni mo wí. "Mo ní àwọn méjèèjì. Ẹ ní àwọn méjèèjì ni."

"Mi ò gbọ́ ìyẹn. Mi ò sọ ìyẹn. Fúnkẹ́, ìwọ tó o kàwé, ọ̀wọ̀ lásán lò ń kà sí iye èèyàn?"

Ọ̀rọ̀ parí níbẹ̀. Ẹ ò rí i pé ó mọ iṣẹ́ rẹ̀: inú ọ̀wọ̀ ló lọ sá pamọ́ sí, ta ló sì fẹ́ lọ fà á jáde níbẹ̀ lójú àwọn àgbà? Ó gba àpò bọ́tìnnì lọ́wọ́ mi ní ọ̀sẹ̀ náà. Pásítọ̀ wọn ní kí n ṣe sùúrù, kí n gba ẹ̀bi náà kí àlàáfíà lè wà. Mo bi í bóyá òun náà fẹ́ gbà á kí àlàáfíà lè pọ̀ sí i. Kò tún bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n sọ mí ní Fúnkẹ́ Gbàgbé-Bàbá. Ní ilé ìtajà ńlá tó wà ní Buford, ọmọ ẹgbẹ́ akọrin kan pariwo rẹ̀ sí mi láàárín èrò. Mo rìn lọ bá a, mo bá a yan bàtà tó ń wò, mo sì sọ fún un pé èyí kò ní bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu tó bá fẹ́ gun òkè.

Ẹ̀yin ọmọ, n kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé yìí sí yín nìyẹn. Gbogbo èèyàn ló ní kí n lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, pé Ọlọ́run ti fi ọ̀nà hàn mí. Orí tábìlì ilé ìdáná mi ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ọ́fíìsì tèmi. Àwọn aláwọ̀ dúdú ọmọ ìlú yìí ló kọ́kọ́ bá mi lọ, lẹ́yìn wọn àwọn òyìnbó tó ti fẹ̀yìn tì, nígbà tó yá àwọn ènìyàn wa náà ń yọ́ wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sínú ìwé mi pé ojúbọ ni. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó jókòó sílé. Òkè kan náà ni mo ń mú wọn lọ, lọ́dọọdún, mo sì ń fi ọ̀nà tó wà lẹ́yìn ẹnubodè kejì hàn wọ́n, màá sọ pé: "Ẹ wò ó dáadáa. Ibí yìí ni Bàbá Fákúnlé ti ṣubú. Ẹ ti lè gbọ́ pé èmi ni mo gbàgbé rẹ̀." Ìdí nìyẹn tí n kò fi pàdánù ẹnì kankan mọ́. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dáhùn fún ẹnì kejì. Olúkúlùkù ló gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ dá mi lóhùn kí bọ́tìnnì tó kúrò lápò.

Bàbá Fákúnlé fúnra rẹ̀ wá kí mi lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó mu omi, ó wo àwọn fọ́tò òkè náà lára ògiri.

"Èmi ni mo yà kúrò lójú ọ̀nà," ló wí. "Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ."

"Ṣé ẹ máa sọ bẹ́ẹ̀ ní gbọ̀ngàn, sà?"

"Tí mo bá sọ ọ́ tán, wọ́n á ní kí n sọ pé mo kábàámọ̀ pé mo yà. Mi ò kábàámọ̀. Tó bá tún di ọ̀la, ẹ̀gbẹ́ náà ni màá gbà."

Mo bínú sí i, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ó kú láìsọ ọ́ ní gbọ̀ngàn.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Kásẹ́ẹ̀tì lọ, rédíò lọ, máàpù bébà di ohun tí àwọn ọmọ ń yà ní fọ́tò. Fóònù wá ń sọ èdè Japan ju èmi lọ. Ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà sọ fún mi lórí àtẹ̀gùn pé òun kò nílò amọ̀nà, pé fóònù òun ti rí ọ̀nà tó yá ju tèmi lọ. Mo ní kó máa lọ, mo sì ní kí dírẹ́bà lọ dúró dè é létí pápá ìrẹsì tí ọ̀nà náà máa yọ sí. Nígbà tó dé bọ́ọ̀sì pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé orúnkún, mo kí i pé ó kú ìrìn, mo ṣí bọ́tìnnì kan nípò. Fóònù mọ ibi tí ọ̀nà wà. Kò mọ bàtà ta ló ti ń wọ́ nílẹ̀. Tí iṣẹ́ amọ̀nà bá wù yín, ẹ ṣe é. Tí wọ́n bá ní kò yẹ yín, ẹ ní kí wọ́n wá fi ẹ̀yìn gun òkè kí ẹ rí i. Orúnkún tèmi ló ní ó tó, kì í ṣe ènìyàn kankan.

Ní ọdún tó kọjá, Àǹtí Bísọ́lá ránṣẹ́ pè mí. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà kan ní Stockbridge ló wà. Ọmọ mi ní kí n má lọ. Mo lọ. Ó ti kéré nínú àga rẹ̀ bí ọmọdé, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò yí padà.

"Orúnkún rẹ ńkọ́?"

"Ó ń dùn mí, mà."

"Mo ti mọ̀ pé á dùn ẹ́. Ṣé o ṣì ń bínú sí mi?"

"Mò ń bínú, mà."

"Ó dáa. Ẹni tó bá sọ pé òun ò bínú mọ́, mi ò ní gbà á gbọ́."

N kò jókòó. Mo bi í ní ohun tí mo ti ń fẹ́ bi í láti ọjọ́ ilé oúnjẹ yẹn. "Ṣé ẹ sọ pé àwọn méjèèjì ni?"

"Mo sọ ọ́." Kò tilẹ̀ fi àkókò ṣòfò. "Mo ti bọ́ bàtà, mo jókòó síwájú bọ́ọ̀sì, orúnkún ń pa mí. Mo gbọ́ tí Màmá wọlé, mi ò yí ọrùn wò. Mo rò pé Bàbá wà lẹ́yìn wọn."

Kò sí ẹlẹ́rìí níbẹ̀, bí kò ṣe sí lórí òkè. Ẹ lè gbà mí gbọ́, ẹ sì lè má gbà mí gbọ́. Mo ti kọ ọ́ bí ó ṣe wí i. N kò dárí jì í níbẹ̀, n kò sì ṣe bí ẹni tó dárí jì í. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ bẹ́ẹ̀ ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà, nígbà tí mo dúró níwájú gbogbo wọn. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, bí ó ṣe máa ń wò mí nígbà tó ń kọ́ mi níṣẹ́, ó sì wí pé:

"Mo wo àwa méjèèjì. Mo rí i pé ìwọ lè rù ú. Èmi ò lè rù ú."